Ọwọ́ Tó Gba Ọ̀pá

Dá Masan, obìnrin tí gbogbo agboolé fi ṣe ẹ̀gbọ́n, ló kọ́kọ́ rí i. Kò sí ohun tó lè wọ agboolé yẹn kí ojú Dá Masan má kọ́kọ́ bà lé e, torí ẹnu ọ̀nà gan-an ló ti ń dín ẹja. Agbada rẹ̀ kọjú sí títì, òun fúnra rẹ̀ kọjú sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

"Enyonam! Ṣé ọjà ti tú ni?"

"Kò tíì tú, Dá."

"Àbí ara rẹ ò yá?"

"Ara mi le."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Dá Masan yí ẹja kan padà nínú epo, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ikùn ọmọbìnrin náà. "Oòrùn ò tíì dé àtàrí, ọmọ ṣọ́ọ̀bù ti délé, ara rẹ̀ sì le. Kò burú."

Enyonam kọjá láìdá a lóhùn. Ọ̀pá kan wà lábẹ́ apá òsì rẹ̀, ọ̀pá pẹlẹbẹ dúdú tó ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á, idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Láti ọjà Asigame títí dé àdúgbò Bè, lórí ọ̀kadà, nínú eruku àti oòrùn, ohun kan ṣoṣo tó ń gbọ́ ni àyà ara rẹ̀ tó ń lù kìkì. Mo ti sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́. Báyìí ni àyà náà ń wí, inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á, kò mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Dàda, wà láàárín àgbàlá tó ń ro akume, òkèlè àgbàdo, lórí iná èédú. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gboma ti jinná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹja gbígbẹ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan tóbi, méjì kéré. Kafui, àbúrò Enyonam, jókòó sórí àpótí, ó ń ti okùn bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń kọ́, ó sì kù díẹ̀ kó gba òmìnira. Bàbá wà lórí àga onígi tirẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tí ẹrù já lù ní èbúté sílẹ̀ gbọọrọ.

Orógùn dúró lọ́wọ́ Dàda.

"Kí ló dé?"

"Dàda, mo ti sọ fún Màmá Ahoefa pé tí oṣù yìí bá parí, mi ò ní lè bá wọn taṣọ mọ́."

Akume hó, ó sì ta pútú. 

"Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ dúró di ìparí oṣù. Wọ́n ní kí n máa lọ kíákíá. Ojú àwọn oníbàárà ni wọ́n ti lé mi."

"O ń sọ fún mi pé o fi iṣẹ́ sílẹ̀." Ohùn Dàda rọlẹ̀, èyí tó burú ju ariwo lọ. "Iṣẹ́. Èyí tí gbogbo wa ń jẹ lẹ́nu rẹ̀."

"Mo fún wọn láyè ni, Dàda. Mo ní kí wọ́n fi wá ẹlòmíì..."

"Tí oṣù bá parí, kí la máa sè? Kafui, ẹ̀gbọ́n rẹ ti dọlọ́lá o! Ẹ dìde fún ìyàwó gómìnà!" Ohùn rẹ̀ wá gòkè. "Ta ló kọ́ ọ ní eléyìí? Ọmọ káfíńtà yẹn ni, àbí? Selom! Ẹni tó ń kan bẹ́ẹ̀dì fún gbogbo ìlú, tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn sórí ẹní!"

"Selom ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Òótọ́ ni. Selom ò mọ̀. Ohun tí Selom mọ̀ kò ju pé ojú olólùfẹ́ òun ti yí padà láti bí oṣù mélòó kan, bí fìtílà tí wọ́n yí òwú rẹ̀ wálẹ̀. Bí ó bá di ọwọ́ rẹ̀ mú lójijì, Enyonam a ta gìrì. Ó ti bi í léèrè títí. Ẹ̀rín ni Enyonam máa ń fi dá a lóhùn, ẹ̀rín náà kì í sì í dé ojú rẹ̀.

Bàbá wúkọ́. "Ọmọ mi, ibi iṣẹ́ wo ni wọn kì í ti í gbó mọ́ èèyàn? Mú un mọ́ra. Padà lọ, kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ wọ́n."

Mú un mọ́ra! Gbogbo ọmọbìnrin tó ń dúró nídìí kọ́ńtà ní ìlú yẹn ló ti gbọ́ ọ ju orúkọ ara wọn lọ. Ẹsẹ̀ dùn ọ́ láti àárọ̀, mú un mọ́ra. Wọ́n bú ọ lójú èrò, mú un mọ́ra. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kọjá ẹsẹ̀, tó kọjá èébú, tí ọmọ náà kò sì mọ ẹnu tí yóò fi sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò bi í, torí ẹni tó bá bi í yóò ní láti gbọ́ ìdáhùn.

"Dàda," ni Kafui wí lójijì, "kí ló wà lábẹ́ apá Ẹ̀gbọ́n?"

Gbogbo wọn wò ó. Enyonam náà wo ara rẹ̀. 

"Yéè!" Dàda gbé ọwọ́ lórí. "Ọ̀pá ilé! Enyonam, o gbé ọ̀pá ilé Màmá Ahoefa wálé!"

Enyonam ń fi wọn aṣọ lọ́wọ́ ni nígbà tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí Màmá Ahoefa sì pariwo mọ́ ọn pé kó jáde, ó jáde bó ṣe wà. Kò sí aláṣọ kan nínú ìlà yẹn tí kò mọ ọ̀pá náà. Ìyá tó bí Màmá Ahoefa ló fi sílẹ̀ fún un. Ọ̀pá mìíràn wà ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ èyí kì í sun ìta. Ọmọ tó ń tajà níwájú ló ń mú un dání. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ìdí kọ́ńtà sílẹ̀ láti ìgbà tí ọjà bá ṣí títí tí yóò fi tì, àfi bí ẹni tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù bá pè é sẹ́yìn pé kó wá gbé aṣọ. Ọjọ́ tí ọmọ bá ń lọ, àgbà tó mú un wá síbi iṣẹ́ á tẹ̀ lé e, á dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ọmọ náà á sì gbé ọ̀pá lé ọwọ́ ẹni tó ń rọ́pò rẹ̀, lójú àwọn aláṣọ tó kù. Ọwọ́ tí ọ̀pá bá bọ́ sí, ó di ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Fóònù Dàda dún kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀. Kò tíì fi í sétí tí ohùn Màmá Ahoefa fi dé ọ̀dọ̀ Dá Masan lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ rẹ jí ọ̀pá ìyá mi gbé!"

"Kò jí i o, Màmá, ọkàn rẹ̀ ló dàrú..."

"Kó dàrú, kó tò, kí ọ̀pá yẹn wà ní ṣọ́ọ̀bù mi kí ọjà tó tì lónìí. Kí Ayele tó mú un wá bá mi mú un bọ̀. Kẹ́ ẹ sì mú ẹni tó máa gbà á wá, mi ò ní máa wá ọmọ kiri bí ẹni ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. O ṣì ní ọ̀kan nílé, àbí? Èyí tó ń ránṣọ. Owó kan náà ni màá san."

Dàda wo Kafui. Ó wò ó bí ìgbà tí kò rí i rí.

"A dúpẹ́, Màmá. Ọlọ́run á bù kún yín. À ń bọ̀."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti tàn. "Kafui, lọ wẹ̀. Mú aṣọ mi tó wà nísàlẹ̀ àpótí."

"Dàda, Kafui kọ́," ni Enyonam wí.

"Kí ni Kafui kọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí Kafui parí iṣẹ́ tó ń kọ́. Mo máa wá nǹkan míì ṣe. Mo máa kiri kọm àgbàdo, mo máa fọṣọ. Ẹ má fi Kafui síbẹ̀."

"Ìlara!" Dàda pàtẹ́wọ́. "Ìwọ ò fẹ́ ẹ mọ́, o ò sì fẹ́ kí àbúrò rẹ jẹ ẹ́!"

Dá Masan ti dìde lẹ́nu ọ̀nà, àmúga wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀, ìyá Kafui. Ẹni tó bá ti wúwo sínú kì í lè dúró pẹ́. Ẹ bi í léèrè oṣù mélòó ni."

"Dá Masan, ẹja yín ń jóná," ni Kafui wí.

Àárín ariwo yìí ni Tasí Ayele wọlé. Àbúrò Bàbá ni, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú Enyonam lọ bá Màmá Ahoefa. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ Màmá Ahoefa ló ti ń gba aṣọ tó ń rù kiri ìgbèríko, kí ó tó lọ́kọ sì rèé, òun náà ti dúró nídìí kọ́ńtà yẹn rí. Wọ́n ti pè é lórí fóònù. Ó jókòó, kò gba omi tí wọ́n gbé fún un.

"Enyonam," ó ní, "kí ni wọ́n ṣe ọ́?"

Òun nìkan ló bi í bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti délé.

Enyonam wo ilẹ̀. Ó ti tún ọ̀rọ̀ yìí sọ nínú ọkàn rẹ̀ lóru lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń gún régé. Báyìí tó fẹ́ sọ ọ́ lójú Bàbá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ túká.

"Yàrá ẹrù ò ní fèrèsé," ó ní. "Tó bá pè mí wá gbé aṣọ, ó máa ń fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó máa ń ní òun ń bá mi gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ kì í sí lára aṣọ. Mo ti sọ fún un pé mi ò fẹ́. Ó ní ta ni màá sọ fún. Lánàá, ó ya ẹ̀wù mi."

 Dá Masan gbé àmúga rẹ̀ kalẹ̀.

Tasí Ayele tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó sì tún un tú.

"Anani," ó ní. "Ṣé Anani ṣì wà níbẹ̀?"

Dàda yí ojú sí i díẹ̀díẹ̀. Anani ni àbúrò Màmá Ahoefa, òun ló ń ṣọ́ yàrá ẹrù. Kò sì tíì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀.

"Tasí," ni Dàda wí, "ẹ mọ̀?"

"Mo rò pé ó ti dàgbà kọjá ìyẹn."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì fi ọwọ́ yín mú ọmọ mi lọ fún un?"

"Mo rò pé ó ti darúgbó," ni Tasí tún wí.  Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Gbogbo wọn wá wo Bàbá. Òun ni ọkùnrin ilé. Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó nà sílẹ̀. Ó fọwọ́ pa orúnkún, ó pa á títí. "Akume ń tutù," ó ní.

Kò sẹ́ni tó jẹun. Ohun tó sì dun Enyonam jù lọ nínú gbogbo ọjọ́ náà ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ sunkún díẹ̀, ó fi etí aṣọ nu imú, ó sì wí pé:

"Kafui ò ní wọ yàrá ẹrù. Iwájú ni yóò máa dúró."

"Tó bá pè é ńkọ́?"

 Dàda gbé páúdà, ó ń fi pa ọmọ rẹ̀ kejì lójú. Onílé ti wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Gbogbo wọn ló mọ̀, kò sẹ́ni tó ní láti sọ ọ́.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, wọ́n jáde. Tasí ló ṣíwájú, Dàda di ọwọ́ Kafui mú bí ẹni tó ń mú ọmọ lọ sílé ọkọ, Enyonam wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá. Níwájú ilé iṣẹ́ Selom, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sáré jáde, lẹ́búlẹ́bú pákó wà nínú irun rẹ̀. Dá Masan ti rán ìròyìn sí i.

"Enyo, ṣé òótọ́ ni?"

Enyonam ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ojú Selom pọ́n. Ó yí padà, ó mú òòlù. Enyonam dúró síwájú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́, tó sì di ọwọ́ Selom mú, òun àti òòlù inú rẹ̀. Kò ta gìrì.

"Bí o bá nà án, ọ̀rọ̀ ìwọ àti òun ni wọ́n á máa sọ. Ọ̀rọ̀ mi ni. Dúró dè mí níbí."

"Kí lo máa ṣe?"

"Mi ò mọ̀."

Kò mọ̀ lóòótọ́. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí òun ju ọ̀pá náà sórí kọ́ńtà, kí òun sì fa àbúrò òun sáré. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ọjà, àyè àtisá kò sí. Àwọn aláṣọ ti pé jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni wá wo ìyàwó, Màmá Ahoefa sì jókòó bí ayaba láàárín òkìtì aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ ńlá wà lọ́rùn rẹ̀.

"Olè ti dé," ó ní.

Obìnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ rọra, Màmá. Olè wo ló ń kó ẹbí rẹ̀ wá dá ẹrù padà?"

Tasí Ayele kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́: ẹ gbà á, ẹ bọ́ ọ, ẹ kọ́ ọ lọ́jà, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ fún wa. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, kò lọ sókè. Màmá Ahoefa gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ta ló ń gba ọ̀pá?"

Dàda ti Kafui síwájú. Ojú ọmọ náà funfun fún páúdà, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe sọ fún un.

Nígbà náà ni aṣọ ẹnu ọ̀nà yàrá ẹrù ṣí, tí Anani, tí gbogbo ọjà ń pè ní Fófò, jáde. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó síngbọnlẹ̀, ó fẹ̀rín sẹ́nu, ó ń wo Kafui láti òkè dé ilẹ̀.

"Eléyìí dáa. Eléyìí dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ," ó ní. "Wá, ọmọ mi, wá kí n fi ibi tí aṣọ wà hàn ọ́." Ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbọọrọ láti di ọwọ́ Kafui mú.

Enyonam rí ọwọ́ náà. Ó mọ̀ ọ́n, ó mọ èékánná rẹ̀, ó mọ òrùka rẹ̀. Ọwọ́ náà là sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń wá nǹkan dì mú.

Ó gbé ọ̀pá náà lé e.

Ìka Anani pa dé mọ́ ọn kó tó mọ ohun tó mú.

"Ẹ ṣé tí ẹ gbà á, Fófò," ni Enyonam wí. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì pariwo kí gbogbo ìlà lè gbọ́. "Ẹ̀yin lẹ máa dúró níwájú báyìí, níbi tí gbogbo èèyàn ti máa rí ọwọ́ yín. Kò sí ẹni tó máa pè yín sí yàrá ẹrù. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin aláṣọ, ẹ bi èmi. Tàbí kẹ́ ẹ bi àwọn tó mú un ṣáájú mi."

 Màmá Ahoefa la ẹnu, ó sì pa á dé. Kò bèèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo wọn ló rí i pé kò bèèrè.

"Mo mú un ṣáájú rẹ̀," ni Tasí Ayele wí látorí ìkúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń kíni lọ.

Obìnrin òdìkejì yẹn ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Ó ti gbà á! Ojú wa báyìí ló ṣe! Ọwọ́ tí ọ̀pá bá bọ́ sí!" Òmíràn ní, "Fófò, ẹ wọn ọ̀pá mẹ́ta fún mi nínú aláwọ̀ ewé yẹn." Òmíràn tún ní, "Ẹ wọn tèmi, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí n rí ọwọ́ kejì!" Ẹ̀rín bẹ́. Anani dúró láàárín rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìyá rẹ̀. Kò lè jù ú sílẹ̀, kò sì lè padà sẹ́yìn. Òógùn ń ṣàn létí rẹ̀.

"Ayele," ni Màmá Ahoefa wí níkẹyìn, "má wá gba aṣọ lọ́wọ́ mi mọ́."

Tasí dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀. "Mo ti gbọ́."

Wọ́n gba ọ̀nà ilé. Selom tẹ̀ lé wọn láti ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín, Dàda kò sì lé e. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà agboolé, Dá Masan wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé rẹ̀, kò bèèrè nǹkan kan. Ó we ẹja díndín méjì sínú ewé, ó nà án sí Enyonam, ó sì yíjú padà sí agbada rẹ̀.

Kafui lọ sídìí ìkòkò omi, ó ń fọ páúdà kúrò lójú, ó ń fọ̀ ọ́ ṣáá.

Dàda tún èédú fínná. Ó bu omi sí akume tó ti gan, ó rò ó padà, ó gbé ọbẹ̀ gbóná. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń jẹun ní ilé yẹn, ẹja tó bá tóbi jù, inú àwo Bàbá ló ń lọ. Dàda fi ṣíbí gbé e sókè, ọbẹ̀ ń kán lára rẹ̀.  Ó sì gbé e sínú àwo Enyonam.

Bàbá rí i. Ó wo àwo ọmọ rẹ̀, ó wo tirẹ̀, èyí tí ẹ̀fọ́ nìkan wà nínú rẹ̀. Ó fọ ọwọ́. Ó tẹrí ba, ó sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.